Irun Mùfú

"Ta ló di irun ọmọ mi?"

Ẹ̀yìn ọgbà ni Rísíkàt dúró sí tó ń na ìka sí orí Mùfú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀. Onígbáméjì ti wọ Gwagwalada, nọ́ọ̀sì sì ni Rísíkàt ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n kó àwọn tó mú sí. Òun àti Ṣítù ti kọra wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹnu kò pé ọ̀dọ̀ Ṣítù ni ọmọ máa wà títí àrùn á fi rọlẹ̀, kí Rísíkàt máa wò ó láti ẹ̀yìn ọgbà, kó má fọwọ́ kàn án. Ohun tó rí lónìí ló gún un lójú: kòlẹ́sẹ̀ tó tò lọ gbọọrọ bí ebè iṣu.

Ṣítù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tánkà omi tó ń wà dé ni. "O káàbọ̀, Ìyá Mùfú."

"Ẹ má kí mi, Bàbá Mùfú. Ẹ ní kí obìnrin náà jáde."

"Obìnrin wo?"

"Èyí tó ń fọwọ́ pa ọmọ mi lórí, nígbà tí èmi ń fọ ìgbẹ́ ọlọ́mọ. Tí obìnrin bá ti wọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá mi l'Ọ́yọ̀ọ́ ni Mùfú ń lọ lónìí."

Gàníyátù, opó tó ń gbé yàrá kejì, ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Rísíkàt yíjú sí i. "Ìwọ ni, àbí? Mo ti ń rí ìdí rẹ tó ń yí gbirigbiri nínú ọgbà yìí."

Bẹ́ẹ̀, Rísíkàt fúnra rẹ̀ á ti wọ wọ́ọ̀dù tán kí ìdí rẹ̀ tó tẹ̀lé e dé.

Gàníyátù tú gèlè. Orí rẹ̀ ń dán bí igbá. "Kai, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹni tó mọ irun dì á fá tirẹ̀? Ẹ bi ọkọ yín."

"Kì í ṣe ọkọ mi mọ́."

"Ẹ sọ fún owú yín, kò tíì gbọ́."

Mùfú dá sí i. "Bàbá mi ló dì í. Wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹrù."

Ṣítù họ ọrùn. Kó tó bọ́ sídìí tánkà, tìrélà iṣu ló ń wà. "Kò yàtọ̀ sí okùn ẹrù," ló wí.

"Irọ́ ni," ni Rísíkàt sọ.

Ṣítù fi ọmọ sáàárín itan, ó tú ìlà kan, ó tún un dì. Ọwọ́ tí kò gbé òòyà rí nígbà tí Rísíkàt wà nílé rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa Rísíkàt, ṣùgbọ́n kò rín in. Ká ní obìnrin ló di irun náà, ì bá bú u, kó sì lọ sùn. Mùfú gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé itan bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e lé ti ìyá rẹ̀. Ta ni yóò wá bú?

Rísíkàt kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ ń fà á jù. Orí ọmọ ni, kì í ṣe iṣu."

Ṣítù dẹwọ́. "Báyìí?"

"Ẹ fi àdí sí ojú ìlà. Ìyẹn wọ́. Ẹ tú u."

Ó tú u. Ó tún un dì, ó wojú rẹ̀. Rísíkàt mi orí pé ó dára.

"Ọ̀yọ́ ńkọ́?" ni Ṣítù bi í.

"Ta ló máa dìrun fún un níbẹ̀? Ojú ìyá mi ò ríran mọ́."