Ẹ̀yìn Igi

15.

…nítorí náà Télọ̀ kó sínú mọ́tò Ọ̀gá, ó ti ilẹ̀kùn, ó nu ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Mo ti parí ẹ."

Kò sẹ́ni tó bi í pé apá wo.

14.

ÌKÉDE
(wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá tí ẹgbẹ́ tó ń la ọ̀nà nínú igbó ń kó ọkọ́ àti àdá sí)

Ọ̀NÀ ẸSẸ̀ TI ṢÍ.
Láti ibùdókọ̀ òkè dé ibùdókọ̀ ìsàlẹ̀, ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ lè rìn ín.
Ẹ máa tẹ̀ lé àmì funfun ara igi.
Níbi tí ẹ ò bá ti rí àmì, ẹ dúró.
A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo olùyọ̀ǹda-ara tó là á.

(nísàlẹ̀, pẹ̀lú bírò:)
Ẹni tó mú àdá mi, jọ̀ọ́, kó dá a padà. — Dírẹ́bà

13.

Bí wọ́n ṣe ń kun àmì nìyí. Èèyàn méjì ní í jọ ń jáde. Aṣíwájú máa ń kun ojú igi tó bá kọjú sí i, fún àwọn tó ń lọ. Akẹ́yìn á tẹ̀ lé e. Bó bá ti kọjá igi kan, á yíjú padà, á kun ẹ̀yìn rẹ̀, fún àwọn tó ń bọ̀. Igi kan, ojú méjì.

Télọ̀ ni Aṣíwájú. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó há tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà fi gbọ́dọ̀ jáde kí tábìlì ìlọṣọ tó lè wọlé. Ní Sátidé, ó ń wọ igbó lọ. Dírẹ́bà ni Akẹ́yìn rẹ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn, eyín ń dun Dírẹ́bà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni fi bọ́ọ̀lù sẹ́nu. Télọ̀ ní kò burú, òun á kun ojú bí òun bá ń lọ, òun á kun ẹ̀yìn bí òun bá ń bọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó kùn ún títí dé àtíbàbà ìsinmi tó wà létí títì, níbi tí òun àti Dírẹ́bà ti kùn dé láti òkè. Ibẹ̀ ni òjò ti ṣú. Ọ̀gá ẹgbẹ́, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì, sì gbé mọ́tò wá gbé e.

Ó fi ẹsẹ̀ lọ. Ó fi mọ́tò bọ̀.

Kò sì rántí pé òun ò tíì bọ̀.

12.

(àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù)

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì

TÉLỌ̀: Bọ́ọ̀sì ibo, Ẹ̀gbọ́n mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Ti ibùdókọ̀ òkè. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi rin ọ̀nà tí ẹ là, kí n fi ibẹ̀ wọlé wá bá ẹ

TÉLỌ̀: Ẹ ò bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi nísàlẹ̀ níbí, ká jọ lọ

Ẹ̀GBỌ́N: Kí o máa rojọ́ sí mi létí, kí n má ráyè wo iṣẹ́ ẹ dáadáa. Mo mọ̀ ẹ́

TÉLỌ̀: Orúnkún yín ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ibo ni ò bá wà

Ẹ̀GBỌ́N: Gbé omi kaná fún mi. Bí oòrùn bá fi máa rọ̀, mo ti dé

11.

Nípa Ẹ̀gbọ́n:

òun ló pọn Télọ̀ nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn.

Ó rí i tó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, tó fi sílẹ̀. Ó rí i tó kọ́ dùùrù, tó fi sílẹ̀. Ó rí i tó gbẹ́ kànga dé àyà, tó gòkè wá mumi, tí kò padà síbẹ̀ mọ́. Òwe kan ló ní fún un: ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Ó ti pa á tó bẹ́ẹ̀ tí kì í pa á tán mọ́. "Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́," á ní, á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún un kó fúnra rẹ̀ parí ẹ.

Òun ló tún wá wọ bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú orúnkún kan tí kì í gbọ́ tirẹ̀, láti wá wo ohun kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ parí.

10.

(nínú ṣọ́ọ̀bù)

ÌYÀWÓ: O ti wo fóònù yẹn títí, ojú ẹ ti fẹ́ wọ inú ẹ̀.
TÉLỌ̀: Ó ní bí oòrùn bá fi máa rọ̀.
ÌYÀWÓ: Oòrùn sì ti rọ̀. Bóyá ó jókòó síbì kan tó ń bá igi jà.
TÉLỌ̀: Mo fẹ́ lọ pàdé ẹ̀.
ÌYÀWÓ: Apá aṣọ kan ṣoṣo lo lẹ̀. Onígbèéyàwó yẹn á fi apá kan wọ ṣọ́ọ̀ṣì?
TÉLỌ̀: Mo ń bọ̀.
ÌYÀWÓ: Lọ. Mú omi dání. Má mú ẹnu dání.

9.

Ó rìn. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò ní purọ́. Igi kan á kọjá, òmíràn á ti máa funfun níwájú bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Àmì kankan ò wọ́. Wọ́n gún régé bí ojú ìránṣọ.

Ó wá yíjú padà, kó wo bí òun ṣe rìn jìnnà tó.

8.

ojú igi:      ▮

ẹ̀yìn igi:

7.

(orí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já)

TÉLỌ̀: Ọ̀gá, ẹ̀yìn. Mi ò kun ẹ̀yìn.
Ọ̀GÁ: Ẹ̀yìn kí ni?
TÉLỌ̀: Ẹ̀yìn igi. Gbogbo ẹ̀. Láti àtíbàbà dé ìsàlẹ̀.
Ọ̀GÁ: Ta ló wà lójú ọ̀nà?
TÉLỌ̀: Ẹ̀gbọ́n mi ni. Láti òkè ló ti ń bọ̀.
Ọ̀GÁ: Oríta àwọn agégẹdú.
TÉLỌ̀: Mo ń rò ó, Ọ̀gá.
Ọ̀GÁ: Ẹni tí kò bá rí àmì níbẹ̀, ọ̀nà tó fẹ̀ ló máa gbà.
TÉLỌ̀: Ihò òkúta sì ni ọ̀nà yẹn já sí.
Ọ̀GÁ: Gbọ́. Dírẹ́bà á wọlé láti àtíbàbà. Èmi á gba ti ihò òkúta. Ìwọ máa gòkè bọ̀. Má sáré.
TÉLỌ̀: Báwo ni mi ò ṣe ní sáré?
Ọ̀GÁ: Ẹni tó ń sáré kì í gbọ́ ohùn ẹni tó ń pè é.

6.

Ó sáré.

5.

Ihò òkúta yẹn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀, kò ní ọgbà. Koríko ti hù bo etí rẹ̀, ilẹ̀ á ṣe bí ilẹ̀ títí dé ibi tí kò ti sí ilẹ̀ mọ́. Télọ̀ mọ̀. Òun àti Dírẹ́bà ti fi òkúta wọn bó ṣe jìn tó, wọ́n sọ ọ́ sínú rẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n dúró, kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Ó ń ronú òkúta yẹn nígbà tó gbọ́ ohùn kan níwájú, lẹ́yìn kọ́nà, tó ń sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé:

"O ṣé. Ó dìgbà. Ìwọ náà, o ṣé."

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ rí. Báàgì, gèlè tó ti yẹ̀, bàtà tí amọ̀ ti yí láwọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sílé, ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá àga nínú òkùnkùn. Ó kọjú sí àwọn igi tó ń fi sílẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Télọ̀ kò lè pariwo, kó má baà já a láyà kó ṣubú. Ó wúkọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: (kò yíjú) Tó o bá jẹ́ ẹranko, máa bá tìẹ lọ. Tó o bá jẹ́ èèyàn, kúrò lọ́nà.
TÉLỌ̀: Èmi ni.
Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ ta ni?
TÉLỌ̀: Èmi tí mo kun igi.
Ẹ̀GBỌ́N: Áà. Ìwọ tó o kun ìlàjì igi.

Télọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ewé, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Oríta wà lókè níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ti kọjá rẹ̀.

(àtẹ̀jíṣẹ́)

TÉLỌ̀: A ti rí ara wa. Kò fara pa
Ọ̀GÁ: Ọlọ́run ṣeun. Mo lè mí wàyí
DÍRẸ́BÀ: Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n rí àdá kan lọ́nà

4.

Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe sọ ọ́, nígbà tí òun náà jókòó, pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́:

Láti òkè dé àtíbàbà, àmì ń kí mi káàbọ̀ ni. Mo kọjá àtíbàbà, kò sí. Mo ní, ó tún ti fi sílẹ̀. Inú bí mi. Àní inú bí mi débi pé mi ò bẹ̀rù. Mo yíjú pé kí n máa padà lọ. Igi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, òun ló ń wò mí yẹn, funfun báláú. Mo ní háà. Mo tún kọjú síwájú, mo rìn, kò sí. Mo tún ní kí n máa padà: àmì. Mo wá ní, ọ̀nà yìí, ẹni tó bá fẹ́ padà nìkan ló ń dá lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n máa ṣe bí ẹni tó ń padà, kí n sì máa lọ.

Oríta? Mo fi ìdí wọ èyí tó fẹ̀. Igi kankan ò wò mí. Mo jáde. Mo fi ìdí wọ èyí tó tín-ín-rín. Ọ̀kan wò mí.

Má sunkún mọ́. O ti bà mí lẹ́rù tó.

3.

Télọ̀ dìde, ó gbọn ewé nídìí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ. Mo mọ̀nà." Ó sì bọ́ síwájú bí onílé.

Igi dúdú. Igi dúdú. Igbó kan tí kò rí rí. Ẹ̀gún mú un lápá aṣọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ibẹ̀ lo gbà wá?
TÉLỌ̀: Ó jọ ọ́.
Ẹ̀GBỌ́N: Ó jọ ọ́, àbí òun ni?
TÉLỌ̀: Ẹ̀gbọ́n mi, àlọ ẹ̀ ni mo mọ̀.
Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀ràn dé. Ẹni tó là á ló sọnù sínú ẹ̀.
TÉLỌ̀: Mo máa kùn ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo—
Ẹ̀GBỌ́N: Má tíì ṣèlérí. Wá síbí. Fún mi lápá ẹ. Kọ ẹ̀yìn sílé.

2.

Wọ́n kọ ẹ̀yìn sílé.

Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà díẹ̀. Apá kọ́ apá, ẹsẹ̀ ń wá ilẹ̀. Télọ̀ kọsẹ̀, Ẹ̀gbọ́n dì í mú. Ẹ̀gbọ́n kọsẹ̀, òun náà dì í mú. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó mọ èwo.

Igi kan ti ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ síwájú, dúdú. Wọ́n tún ìgbésẹ̀ kan gbé. Ó fi ojú funfun rẹ̀ hàn wọ́n.

Òmíràn.

                    Òmíràn.