Ìrọ̀rí Inú Ìlù

Ìyàwó onílù tó bá ní òun kò parọ́ rí, ẹ bi í léèrè ibi tí ìrọ̀rí ilé rẹ̀ wà.

Láti ìgbà tí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ti wọlé ọkọ ló ti ń parọ́ ìrọ̀rí. Ìyá rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán ìrọ̀rí náà fún ìgbéyàwó wọn. Ó rán etí rẹ̀ ní ìránpọ̀ méjì, ó sì fi òwú rírọ̀ kún inú rẹ̀ débi pé orí tó bá kàn án, oorun ni. Àmọ́ orí kankan ò kàn án rí. Kí àlejò ìgbéyàwó tó tán nílé ni Àrá, ọkọ rẹ̀, ti ki ìrọ̀rí náà bọ inú ìlù ńlá, èyí tó máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja níwájú onílù, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù. Ìgbàkígbà tí ìyá bá béèrè ìrọ̀rí, Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ á ní, "Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, Màmá. Ó ti rẹwà jù fún orí lásán."

Inú ìyá á dùn. Irọ́ tó bá pọ́n èèyàn lé, ta ní í wádìí rẹ̀?

Ó wá di ọjọ́ kan, ìyá kó ẹrù, ó wá kí wọn. Kò tíì jókòó tó ti dojú ọ̀rọ̀ kọ ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Àrá, ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́ lójú mi pé bí ẹgbẹ́ olórin kan bá tún lé ẹ, o ò lùlù mọ́. Mo gbọ́ pé àwọn ti òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Bí wọn ò bá gbà ọ́, ṣọ́ọ̀bù mi lò ń bọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń tẹ ìlù á tẹ máṣíìnì."

Àrá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ láyé rẹ̀. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ló fẹ́ rán, ló bá rán ẹ̀wù mọ́ ṣòkòtò tó wọ̀. Ọkùnrin tó bá dá iṣẹ́ ìlù dúró, tó lọ jókòó sídìí máṣíìnì ìyá ìyàwó rẹ̀, ṣé ó tún kù síbì kan láyé?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ ti ìlù, ó ń yí àwọn ìdè onírin tó di etí awọ rẹ̀ mú. Á yí ti òkè, á fò sí ti ìsàlẹ̀, á yí ti ọ̀tún, á fò sí ti òsì. Ìyá wò ó títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ara rẹ dá báyìí?"

"Màmá, awọ ìlù ò fẹ́ ojúsàájú. Bí mo bá ń yí i tẹ̀ léra, á fà sí apá kan, ohùn rẹ̀ á wọ́."

"Hẹn-ẹn. Bí ọrùn ẹ̀wù."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Ohùn ìlù sì ní ìrù, Màmá. Béèyàn bá lù ú, orí ohùn ló ń kọ́kọ́ jáde, ìrù á máa wọ́ tẹ̀ lé e. Bí ìrù bá ti gùn jù, ohùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá di rúgúdù."

"Kí lẹ wá ń fi gé ìrù ọ̀hún?"

Àrá wo ìyàwó rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ wo àjà.

"Ọgbọ́n ni, Màmá," ni Àrá wí, ó bá jáde.

Kò tíì rìn jìnnà tí ìyá fi ní, "Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ọrùn ń dùn mí. Gbé ìrọ̀rí mi wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

Kí ni kó ṣe? Ó yọ́ lọ sídìí ìlù, ó ti ọwọ́ bọ ihò tó wà níwájú rẹ̀, ó fa ìrọ̀rí jáde bí agbẹ̀bí tó ń fa ọmọ. Ó gbọn eruku rẹ̀, ó gbé e fún ìyá. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé kí Sátidé tó pé, òun á ti dá a padà sínú ìlù.

Ìyá gbóòórùn rẹ̀. "Kọ́bọ́ọ̀dù yín ń rùn bí ilé mẹkáníìkì." Kí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ tó gbé itọ́ mì, sísọ́ọ̀sì ti la ìrọ̀rí nínú. Ìyá fọ aṣọ ìrọ̀rí, ó sá a, ó sì kó gbogbo ègé aṣọ tó wà nínú báàgì rẹ̀ kún òwú inú rẹ̀ títí ó fi le bí ikùn ẹni tó jẹun yó. Láti ọjọ́ náà, kò gbé e sílẹ̀ mọ́. Bó bá sùn, ó wà lórí rẹ̀. Bó bá jókòó, ó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ bá fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀, ìyá á ti yọ lẹ́yìn wọn, "Kí lẹ̀ ń sọ?"

Àrá náà ò lùlù nílé nítorí ọrùn ìyá, kò sì yẹ inú ìlù wò. Ta ló ń yẹ ikùn ara rẹ̀ wò láràárọ̀ bóyá ìfun ṣì wà níbẹ̀?

Ó di Sátidé. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ṣófo, àwọn òṣìṣẹ́ ń to ife sórí tábìlì. Ìyá jókòó síwájú pátápátá, ó tẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ sórí àga, nítorí ó ní àga òtẹ́ẹ̀lì kì í ro ti ìdí àgbà. Onífèrè, ọ̀gá àwọn olórin, fun fèrè. Àrá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gbòòòòùn-ùn-ùn-ùn!

Àwọn ife gbọ̀n. Onífèrè yọ fèrè lẹ́nu.

"Ọ̀gbẹ́ni, ìlù lo gbé wá ni, àbí táńkì omi?"

Àrá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú ìlù. Afẹ́fẹ́ ló bá níbẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ wo àjà, àmọ́ àjà òtẹ́ẹ̀lì ò mọ̀ ọ́n rí.

Ìyá ti ń fojú wọn èjìká Àrá, bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ iṣẹ́ fún ọmọṣẹ́ tuntun. Ni Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ bá kúnlẹ̀ gbì.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ dìde lórí ìrọ̀rí. Inú ìlù ló ń gbé. Kò dé inú kọ́bọ́ọ̀dù rí. Òun ló ń gé ìrù ohùn."

Ìyá fọwọ́ tọ́ etí ìrọ̀rí náà wò.

"Ìrọ̀rí tí mo fọwọ́ mi rán. Ẹ sọ ọ́ di ìfun ìlù."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"N kò dìde." Ó sì fìdí tẹ̀ ẹ́ dáadáa. "Kó máa dún bíi táńkì."

Ó ti sú Onífèrè. Ó ní kí wọ́n mú ìrọ̀rí kan wá nínú yàrá àlejò. Òṣìṣẹ́ kan gbé e dé, wọ́n ki ìyẹn bọ inú ìlù. Àrá tẹ̀ ẹ́. Gbòùn.

"Ó sàn díẹ̀," ni Onífèrè wí.

Bí abẹ́rẹ́ ló gún ìyá. "Ó kí ni? Ẹ mú nǹkan yẹn jáde kí n rí i." Wọ́n fà á jáde. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ẹ wo ojú rírán! Adìẹ ló fẹsẹ̀ ya èyí! Èyí lẹ ní ó sàn, tí tèmi wà níbí?"

Ó ti dìde. Òun fúnra rẹ̀ ló ki ìrọ̀rí rẹ̀ bọ inú ìlù. "Tẹ̀ ẹ́!"

Pọ́.

Onífèrè mi orí. "Èyí ti kú."

"Ìrọ̀rí tèmi kì í pa nǹkan!" Sísọ́ọ̀sì jáde nínú báàgì. Ìyá kúnlẹ̀ síwájú ìlù, ó tú ojú rírán díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ègé aṣọ jáde, ìkúnwọ́ lẹ́yìn ìkúnwọ́, ó dẹtí sílẹ̀ bí ìgbà tó ń wọn aṣọ sára oníbàárà.

"Tẹ̀ ẹ́."

Pọ́.

"Tẹ̀ ẹ́ ṣá!"

Púù.

Ó tún fa ìkúnwọ́ kan jáde. "Ó yá."

Gbù!

Ohùn náà gún gbogbo wọn níkùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ, láìní ìrù. Ìyá gbé ọwọ́ sókè kí Onífèrè tó lanu.

"Ó tó. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́." Ó rán ẹnu ìrọ̀rí pa, ó fi eyín já òwú.

Orin bẹ̀rẹ̀. Kó tó parí, Onífèrè ti ń jó sápá ibi tí Àrá wà. "Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ la fẹ́. Ọjọ́ Ẹtì lo máa bẹ̀rẹ̀."

Ní gbogbo ọ̀nà ilé, ìyá ò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn ló sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. "Kọ́bọ́ọ̀dù!"

Ó di ọjọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àrá lùlù títí òógùn fi bò ó, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Aránṣọ dìde níwájú, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó tẹrí sọ́tùn-ún, ó tẹrí sósì.

Ọkùnrin tó jókòó tì í bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Màmá, ẹ kú ọmọ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí onílù yẹn?"

"Rárá o. Ọkọ ọmọ mi nìyẹn," ni ìyá wí. "Èyí tó wà nínú ìlù ni mo bí."

Ọkùnrin náà wo ìlù, ó wo ìyá, ó sì rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.