Ogún Nínú Ogún

"Ọ̀tún!" ni Bàbá Télọ̀ pariwo. "Ìyàwó mi, kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyáálé rẹ wà níta o, má jẹ́ kó gbọ́ pé ojú mi ti ń ríran jù."

Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ojú náà kò rẹ́rìn-ín. Gílóòbù méjì ló wà níwájú bàbá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì; ìgbà ogún ni bàbá máa ń pe apá tó bá tàn. Lóòótọ́ ló tẹ suwíìṣì apá ọ̀tún, ó sì dún pá, ṣùgbọ́n gílóòbù ibẹ̀ kò tàn. Ó ti jó.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti tẹ́ ẹ̀rọ kan, tó fẹ́lẹ́ ju èékánná ọmọ tuntun lọ, sí ẹ̀yìn ẹyinjú ọ̀tún bàbá yìí. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi bò ó, ara kò ní kọ̀ ọ́, omi inú ẹyinjú kò sì ní jẹ ẹ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni bàbá ń gba ogún nínú ogún. Nítorí èsì yẹn, lọ́la ni wọ́n fẹ́ ṣe ojú òsì, èyí tó ṣì ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Bí iṣẹ́ abẹ bá yíwọ́, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ yẹn náà lọ nìyẹn. Àwọn mọ́kànlá mìíràn sì wà nílẹ̀ tó ń retí ẹ̀rọ kan náà.

Aṣọ ṣì bo ojú òsì. Obìnrin náà tan iná fóònù rẹ̀ láìsí ariwo, ó gbé e síwájú ojú ọ̀tún. Bàbá ń dúró.

"O ò tíì tàn án ni?"

"Bàbá, ariwo suwíìṣì lẹ ń gbọ́."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu bàbá. Ó nu omi pípọ́n tó ń ṣẹ́ jáde lójú rẹ̀.

"Lóṣù àkọ́kọ́, mo rí i. Mo rí fèrèsé. Mo rí ìyá àwọn ọmọ mi bó ṣe ń kọjá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọmọ mi, má wí fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n ṣe èkejì. Bóyá ìyẹn á gbà."

"Bí kò bá gbà ńkọ́? Ẹ ò ní mọ ìgbà tílẹ̀ mọ́ mọ́ o."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nínú òkùnkùn. Kí ló kù tó lè bà mí lẹ́rù?"

Obìnrin náà lẹ̀rù ń bà. Òun ló ń tẹ suwíìṣì, òun ló ń buwọ́ lùwé. Kò fìgbà kan rò ó pé ẹni tó fi ogójì ọdún ránṣọ, tó máa ń gbọ́ kí òwú tó já lẹ́nu abẹ́rẹ́, á gbọ́ ohun tó dún pá.

Dókítà tó ni iṣẹ́ ìwádìí náà wọlé. "Mélòó lónìí?"

"Ogún, Dókítà!" ni bàbá sáré dáhùn.

Obìnrin náà tún tẹ suwíìṣì náà. Pá. Òkùnkùn. "Èyí ni wọ́n pè lọ́tùn-ún, sà. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni wọ́n ń pè. Ojú yẹn ò ríran mọ́."

Dókítà wo gílóòbù, ó wo ojú bàbá tó pọ́n, ó wá rọra ti ilẹ̀kùn. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ìyẹn ló já obìnrin náà láyà jù.

"Kọ ogún," ló ní. "Ibi tí a bá iṣẹ́ yìí dé, a ò lè padà."

Bàbá gbọ́, ó mi orí. "O gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ wí. Kọ ọ́, ọmọ mi."

Ó mú bírò, ó kọ òdo.

Bàbá gbọ́ bí bírò ṣe yí ẹ̀ẹ̀kan péré lórí ìwé. "O ti pa mí," ló wí.

Obìnrin náà buwọ́ lù ú.