Agogo Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lù

Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí Fẹ̀hìntọlá lá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú fún yín, bó ṣe rọ́ ọ fún mi.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ omi sínú ọ̀rá ló ti ń ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé ètò tuntun débẹ̀: wọ́n so agogo kan mọ́ ògiri, pé ẹni tó bá rí àléébù kó lù ú, kí ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Ta ni yóò dá iṣẹ́ ọ̀gá dúró lójú gbogbo ayé? Eruku bo agogo. Ní Sátidé, Fẹ̀hìntọlá rí i pé asẹ́ omi ti ya. Ó gbójú kúrò.

Nínú àlá, asẹ́ yẹn náà ló tún rí. Tanwíjí ń lúwẹ̀ẹ́ gba ibẹ̀ wọnú ọ̀rá, wọ́n ń kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó dá wọn lóhùn, ọmọlúàbí ni. Ó wá sáré lọ síbi agogo.

Agogo fà sẹ́yìn. "Àwọn tó jù ẹ́ lọ ò fọwọ́ kàn mí. Lọ tọrọ àyè!"

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Akínlàjà ti léfòó sínú táǹkì. Fẹ̀hìntọlá lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, asẹ́ ti ya."

"Ó ya kẹ̀? Ṣebí ìwé ẹ̀rí wa ló wà lára ògiri yẹn?"

Bó ti ń sọ̀rọ̀, ìwo yọ lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ, ó sì ń jẹ ìwé ẹ̀rí náà. Fẹ̀hìntọlá ṣáà kúnlẹ̀. Ìwo ò ní kí ọ̀gá má jẹ́ ọ̀gá. Òbúkọ ké "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Gbogbo òṣìṣẹ́ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

Ìgbà yẹn ni ohùn kékeré kan pe "Màmi!" láti inú ọ̀rá omi kan. Fẹ̀hìntọlá sá padà sídìí agogo, ó na ọwọ́, ó lu agogo, ó tún lù ú. Kò dún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti di ọ̀rá omi.

Ọmọ rẹ̀, Tanímọ̀la, ló jí i. "Màmi, ẹ̀ ń kígbe lójú oorun. Ẹ gbomi mu."

Ọ̀kan lára ọ̀rá omi tí ìyá rẹ̀ gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Sátidé ni. Ọmọ náà ti fi eyín ya igun ọ̀rá ọ̀hún, ó sì ti mu ún dé ìdajì.