Iná Àlùwàlá Ìyá Mikail

Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló wà láti ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà dé ìdí kànga, kò sì sí méjì tó ga bákan náà nínú wọn. Ìyá Mikail ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tó ń lọ ṣe àlùwàlá ìrun àsùbáà, Nẹ́pà ò sí, òṣùpá ò sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tàsé àtẹ̀gùn kẹrin, ó sì fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn tó kù. Egungun kankan ò ṣẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ ló wú.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìròyìn ti dé Òkè Padre, níbi tí Jàmíù, àbúrò Mikail, kọ́lé sí. Jàmíù ní sólà lórí òrùlé, omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé rẹ̀, kò sì sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀. Ó pe ìyá wọn lórí fóònù pé lọ́jọ́ Àìkú òun ń bọ̀ wá gbé e.

"Màámi ò lọ síbì kankan," ni Mikail wí. Kì í ṣe Jàmíù ló sọ ọ́ fún. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún, torí ó ti di ọdún méje tí òun àti Jàmíù ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.

Ohun tó fà á kò pọ̀. Mikail ń wa Máíkírà láti Bẹẹrẹ sí Mọ́lété. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lábẹ́ bíríìjì Mọ́lété, ọ̀kan nínú iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ò tàn. Èrò mẹ́ta ti wọlé, ó ku ẹyọ kan. Jàmíù tó dúró níbẹ̀ wo ọkọ̀ náà, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má wọ èyí o, olójú kan ni." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí Mikail yọ orí jáde ni Jàmíù tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó rán àwọn àgbà sí i. Mikail gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé ìbínú rẹ̀ lọ sílé. Láti ọjọ́ náà kò tún iná yẹn ṣe, torí bó bá tún un ṣe, a jẹ́ pé òótọ́ ni Jàmíù sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú ló máa ń gbé ọkọ̀ sílé.

Ìyàwó Mikail ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ sílé ọkọ. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló jọ ń jẹun alẹ́.

"Èmi náà ò fẹ́ lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ta ni mo mọ̀ ní Òkè Padre? Ṣùgbọ́n mi ò ní tún fi ìdí dé kànga. Bó o bá rí iná tí n ó fi ṣe àlùwàlá kó tó di ọjọ́ Àìkú, mo dúró. Bí o ò bá rí i, báàgì mi rèé."

Báàgì náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dì í kó tó la ẹnu.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mikail ra tọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ kan ní Bẹẹrẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó lè tàn fún ẹgbẹ̀rún wákàtí, Mikail sì kà á sókè fún ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bí ìyá ṣe dé àtẹ̀gùn kẹta báyìí, tọ́ọ̀ṣì kú. Ìyá jókòó síbẹ̀, ó fa tẹ̀súbà yọ, ó ń ṣe àsàlátù títí ilẹ̀ fi mọ́.

"Ẹgbẹ̀rún wákàtí ti pé," ló wí nígbà tí Mikail jí. "Bó tiẹ̀ tàn náà ńkọ́? Ọwọ́ kan gbé búútà, ọwọ́ kan di ògiri mú. Ẹnu ni kí n fi gbé tọ́ọ̀ṣì, àbí?"

Mikail gba Ọjà'ba lọ. Mujeebat tó ń ta tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì níbẹ̀ kì í jẹ́ kí oníbàárà ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

"Ẹni tó kọ ọ́ ò gbé Ìbàdàn," ló wí. "Ẹ gbé e wò lọ́wọ́. Èyí tó bá fúyẹ́ jù, bátìrì tín-tín ló wà níkùn rẹ̀. Ẹ wo ojú tí wọ́n ń ki wáyà ṣáájì bọ̀. Bó bá jọ ti fóònù yín, ẹ ò ní máa wá wáyà kiri. Ẹ má sì ra èyí tó ń fọ́ni lójú, ṣáájì rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ilé lẹ fẹ́ lò ó fún ni àbí ọkọ̀?"

"Méjèèjì."

"Ti ọkọ̀, èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ mú, kó lè lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ọkọ̀ bá dákú sọ́nà. Irú ọkọ̀ wo lẹ ń wà? Ẹ dúró ná. Ṣé Máíkírà olójú kan yẹn kọ́?"

Mikail gba orúkọ Mujeebat sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, níbi tó gba ti Jàmíù sí.

"Ìyá mi ni mo fẹ́ rà á fún," ló wí níkẹyìn. "Ọwọ́ wọn méjèèjì ò ṣófo."

Mujeebat na tọ́ọ̀ṣì kan sí i, irú èyí tí àwọn tó ń gbẹ́ kànga máa ń so mọ́ orí. Kò wọ́n. Àmọ́ oòrùn ọ̀sán mú, kò sì sẹ́ni tó lè mọ bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni Mujeebat ṣe ní páálí tẹlifíṣọ̀n ńlá kan tó fi aṣọ dúdú tẹ́ nínú. Mikail so iná mọ́ orí, Mujeebat da páálí bò ó dé àyà. Inú páálí mọ́ rokoṣo. Ibẹ̀ ni Mikail wà tó gbọ́ ohùn kan.

"Mujeebat, o kú ọjà."

"Haa, Alùhájì Jàmíù! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Bátìrì rìmóòtù ni mo fẹ́ rà. Ta ló wà nínú páálí?"

"Oníbàárà ni."

"Bàtà rẹ̀ jọ ti ẹ̀gbọ́n mi."

Bàtà náà sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Bá mi kí wọn tí wọ́n bá jáde," ni Jàmíù wí. Ó gba bátìrì rẹ̀, ó lọ.

Mikail tún lo bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú páálí. Nígbà tó jáde, òógùn ti bò ó. "Ó mọ́lẹ̀ dáadáa," ló wí, ó sì rà á.

Ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì, ìyá sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ: búútà lọ́wọ́ ọ̀tún, ògiri lọ́wọ́ òsì, ìmọ́lẹ̀ níwájú. Ó gbàdúrà fún Mikail títí ohùn rẹ̀ fi há. Mikail gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣe àmín, ó kọjú sí ògiri, ó sùn padà. Bó ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ nìyẹn. Ó ti sú ìyá rẹ̀ láti máa jí i fún ìrun.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Qúdrát tó ń gbé yàrá kejì wá bá ìyá kírun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ìyá bá ti forí kanlẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á ṣókùnkùn. Bó bá gbórí sókè, á mọ́lẹ̀. Qúdrát fara dà á títí wọ́n fi sálámà.

"Ẹ má bínú o, Ìyá. Tọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí yín. Òun ló ń kanlẹ̀, iwájú orí yín ò kanlẹ̀."

Ìyá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó bá tọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ó ronú padà sí Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì, ó sì bá a níbẹ̀ náà.

Wọ́n rán Mikail sí Ààfáà mọ́sáláṣí àdúgbò. Ààfáà fọwọ́ lérán. "Mi ò tíì bá tọ́ọ̀ṣì pàdé nínú ọ̀rọ̀ yìí rí," ló wí. "Kí Ìyá ṣáà san ìrun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, kí ọkàn wọn lè balẹ̀."

Ìyá san án. Lẹ́yìn náà ó tún gbé báàgì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ẹ ó kàn máa bọ́ ọ kẹ́ ẹ tó kírun ni."

"Èmi tí mo gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹta? Mi ò dé e mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n wá èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn."

"Kí n wá dà bí ọdẹ tó ń ṣọ́ báńkì. Jàmíù ń bọ̀ lọ́la."

Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n jọ jẹun. Mikail wo abọ́ méjèèjì tó wà nílẹ̀, ó ń ro bí ẹyọ kan yóò ṣe rí.

"Èmi ni n ó máa dé e," ló wí.

"O ó máa dé kí ni?"

"Tọ́ọ̀ṣì. N ó máa ṣáájú yín sọ̀ kalẹ̀."

Ìyá rẹ̀ dá òkèlè dúró. "Ìwọ? Ìwọ tí mò ń jí títí ohùn mi fi kẹ̀?"

"Èmi."

"Aago márùn-ún ò tíì lù nígbà yẹn o."

"Mo gbọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Mikail de iná mọ́ orí, ó fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Wo ẹ̀yìn rẹ."

"Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

"Mo ní kó o wo ẹ̀yìn rẹ, Mikail."

Ní àtẹ̀gùn keje, òun fúnra rẹ̀ tàsé, ó fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ lórí méjì tó kù. Iná ò kú. Ìyá rẹ̀ dúró lókè, ó ń wò ó.

"Ṣé o ti wá rí ohun tí mò ń wí?" ló bi í, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

Aago mẹ́wàá ni Jàmíù dé. Ìyá sọ bó ṣe rí fún un. Jàmíù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó lórí tìmùtìmù méjì.

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa ṣe é, Màámi?"

"Bi í."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọjọ́ mélòó?"

"Màámi," ni Mikail wí, "ẹ sọ fún un pé kó má dúró de ọjọ́ tí n ó ṣíwọ́."

Jàmíù fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì padà sí yàrá. "Ọjọ́ tí wọn ò bá jí, ẹ ṣáà pè mí," ló wí. "Fóònù mi ò ní kú."

Bí kò bá sọ ìyẹn ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mikail tí kò jí nítorí ìrun, tí kò jí nítorí àdúrà ìyá rẹ̀, wá ń jí nítorí fóònù Jàmíù. Bó sì ti jẹ́ pé ó ti wà nídìí kànga náà, ó ń ṣe àlùwàlá. Bó bá ti ṣe àlùwàlá tán, ojú ń tì í láti padà lọ sùn, ó ń kírun. Ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ tọ́ọ̀ṣì.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Ní gbogbo àárọ̀, Jàmíù á pe ìyá wọn. "Màámi, ṣé wọ́n jí?" Ìyá á tẹ fóònù kí ohùn lè jáde síta, á sì nà án sí ìhà ọ̀dọ̀ Mikail. Mikail ò ní sọ̀rọ̀. Á sún mọ́ fóònù dáadáa, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.