Iná Tó Jó Túnbọ̀sún

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi sọ fún tọmọdé tàgbà ní Ayétòrò pé sìgá ló fa iná tó jó Túnbọ̀sún, ọmọ iṣẹ́ mi. N kò parọ́ o. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni mo sọ. Mo ní kó tú páìpù epo mọ́tò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Èmi fúnra mi ni mo pa ẹ́ńjìnnì, èmi ni mo yọ kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò tí a ti pa, níbo niná ti wá, bí kì í bá ṣe pé ọmọ náà fi sìgá sẹ́nu? Àwọn ọmọ iṣẹ́ ìgbà náà kúkú máa ń mu ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Túnbọ̀sún búra títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ló gbà gbọ́. Ta ni yóò tún kọ́ ọmọ tó ń mu sìgá nídìí epo níṣẹ́? Ó padà sí Afọ̀n lọ roko, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣeé ká mọ́.

Mo ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ báyìí, orúnkún ò gbà á mọ́. Nígbà tí Tòyótà àtijọ́ tí mò ń wà bẹ̀rẹ̀ sí í kú sójú ọ̀nà Ìlaròó, ó dùn mí wọra pé ẹlòmíì ni n ó gbé e lọ bá. Hussainat ni wọ́n júwe fún mi, obìnrin mẹkáníìkì tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Mo sọ fún un kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pé, "Pọ́ńpù epo ló kú. Mú sípánà wá kí n tú páìpù, wàá rí i pé epo ò wá."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó tutù ná."

"Mo ti pa á!"

"Mo rí i, sà. Ẹ jókòó."

Mo jókòó, inú ń bí mi. Odindi wákàtí kan ló fi bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Nígbà tó padà dé, kò fọwọ́ kan páìpù. Fíùsì pọ́ńpù ló kọ́kọ́ yọ, ó sítáàtì mọ́tò, ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tó fi kú fúnra rẹ̀. Ó tú wáyà bátìrì. Ó ní kí wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dáwọ́ dúró, ó sì gbé ohun ìpaná sítòsí. Ó wá fi àkísà wé ojú ibi tí páìpù ti so, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣí ìkòkò tó ń hó.

Epo díẹ̀ báyìí ló rin àkísà náà. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ayẹyẹ yìí, nítorí epo tí kò kún ṣíbí?"

Ó so géèjì tó ń wọn agbára epo mọ́ páìpù, ó nu ibẹ̀ gbẹ, ó dá wáyà àti fíùsì padà, ó wò ó bóyá ibì kan ń jò, kó tó sítáàtì. Ọwọ́ géèjì gòkè, ó sì dúró.

"Pọ́ńpù yín ò kú, Bàbá. Ibòmíràn ni wàhálà wà." Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Mo ń retí kí ọwọ́ géèjì sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀. Mo na kọ́kọ́rọ́ sókè bí ẹni pé òun kọ́ ló fún mi.

"Mọ́tò ti kú. Kí ló dé tí eléyìí ṣì wà lókè?"

"Epo ṣì há sínú páìpù, Bàbá, agbára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mọ́tò yìí kì í ṣe oní-kabúrétọ̀ ayé àtijọ́, tí epo rẹ̀ kì í lágbára nínú páìpù. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ di ọ̀la. Ẹni tó bá tú u lójijì, á fọ́n sí i lójú. Tó bá wá kan páìpù èéfín tó gbóná, ó parí nìyẹn. Kò dìgbà téèyàn bá ṣáná. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ yọ fíùsì, kó lo èyí tó há tán, nìyẹn."

Mọ́tò ọjọ́sí náà kì í ṣe oní-kabúrétọ̀. Mo gbọ́ ohùn Túnbọ̀sún lọ́jọ́ náà: "Ọ̀gá, ó fọ́n sí mi lójú ni!" Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì, ṣùgbọ́n wèrè tèmi ti jó ọmọ ọlọ́mọ. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo Hussainat.

Lọ́jọ́ tó tún mọ́tò náà ṣe tán, Afọ̀n ni mo kọrí sí. Mo bá Túnbọ̀sún níwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ òsì bó ẹ̀gẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀: ẹ́ńjìnnì tó gbóná, géèjì tí kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi.

Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán kó tó fèsì.

"Ọ̀gá, èmi mọ̀ pé n kò mu sìgá. Màmá mi ni kò mọ̀."

Ó pè wọ́n. Wọ́n fi ọ̀pá jáde wá. Bí wọ́n ti rí mi, wọ́n di ògiri mú, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í," wọ́n ní. "Ọmọdé ló ń ṣe é nígbà yẹn. Mò ń bá a wí títí dòní."

Mo nà gbalaja sórí èèpo ẹ̀gẹ́.

"Màmá, ọmọ yín kò mu sìgá. Èmi ni mo jó o."