Ọ́ìlì Dúdú Gbọ́láhàn

Ní Ìpáò, bí ajá èèyàn bá ń họra, ọ̀dọ̀ Gbọ́láhàn mẹkáníìkì ni wọ́n ń mú un lọ. Ọkùnrin yìí ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ní kẹ́ẹ̀gì kan tó ń rọ ọ́ìlì dúdú sí, èyí tó bá fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Yóò rẹ àkísà sínú rẹ̀, yóò fi kun ajá láti orí dé ìrù, yóò ní, "Ẹ máa mú un lọ. Kúrúnà ò mọ ilé yín mọ́." Kò gba kọ́bọ̀ rí. Ọpẹ́ nìkan ló ń gbà, ká má sì purọ́, ọpẹ́ yẹn ń dùn mọ́ ọn ju ẹran ìgbẹ́ lọ.

Nígbà tí ara wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún Kòṣeémánìí, ajá tirẹ̀ gan-an, ta ni yóò kọ́ Gbọ́láhàn ní ohun tí yóò ṣe? Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ wọn n'Íbàdàn, ajá yìí nìkan ló ń dìde pàdé rẹ̀ bó bá wọlé. Ó fi ọ́ìlì kùn ún lọ́jọ́ Ajé. Ó tún kùn ún lọ́jọ́bọ̀, ó sì bu ọ̀pọ̀ sí i, nítorí ìfẹ́. Ajá náà dẹ́kun họra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń lá ara rẹ̀ ṣáá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, kò jẹun mọ́, ó ń bì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbọ́láhàn gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di Ìkọ̀lé.

Dókítà ẹranko tó bá níbẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́ládé, fi ìka kan ajá náà, ó gbóòórùn ìka ọ̀hún.

"Bàbá, ta ló fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kùn ún?"

"Èmi ni. Oògùn kúrúnà ni."

Kò bá a jà. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ wẹ ajá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fa omi sí i lára, ó sì ń ṣàlàyé bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó ní kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló ń gbẹ́ abẹ́ awọ ajá tó bá ní kúrúnà, abẹ́rẹ́ sì wà fún un. Ó ní yọ̀rọ̀ ń mú ara ajá yún, eégbọn ń mú un yún, oúnjẹ tí kò bá a lára mu náà ń mú un yún. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò kò lè mọ èwo ni. Ọ́ìlì ní tirẹ̀, májèlé ni. Awọ ń mu ún, ahọ́n ń lá a, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń bà jẹ́.

"Bó bá mu omi kí ilẹ̀ tó ṣú, ó lè yè é," ni Bọ́ládé wí. "Àwọn tí ẹ ti kùn tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ara wọn yá."

"Gbogbo wọn?"

Ajá Ìyá Ìdùnnú, obìnrin kan ní Ìpáò, ló sọ sí Gbọ́láhàn lọ́kàn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó fi ọ́ìlì kun ajá náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó bì, ó gbọ̀n, ó kú. Òun náà ni wọ́n sáré pè kó wá wo òkú rẹ̀, ó sì dúró láàárín èrò bí adájọ́, ó ní, "Májèlé ni. Ẹni tó fún un jẹ kò jìnnà." Gbogbo ojú yí sí Isaac, aládùúgbò obìnrin náà tó máa ń ráhùn pé ajá náà ń jẹ ẹyin adìẹ òun. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Isaac ní apajá. Isaac ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Òótọ́ ni Gbọ́láhàn sọ lọ́jọ́ náà. Májèlé ni, ẹni tó fún un jẹ kò sì jìnnà.

Ó fi Kòṣeémánìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, ó padà sí Ìpáò. Lójú ọ̀nà, ó rò ó pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Bó bá dákẹ́, òun ṣì ni Gbọ́láhàn tí gbogbo ìlú ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ ju méjì lọ. Ìtìjú ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Ìyá Ìdùnnú ló dúró sí.

Obìnrin náà ń bó ẹ̀gúsí. Ó gbọ́ ohun tí Gbọ́láhàn wá jẹ́wọ́ tán, ó gbọn èèpo kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Mo ti bú ọkùnrin yẹn lójú àwọn ọmọ rẹ̀."

"Mo mọ̀, mà."

"N kò lè bá ọ gbé ẹnu rẹ débẹ̀. Ulé rẹ̀ là ń lọ."

Isaac ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tó sá sí ẹ̀yìnkùlé. Gbọ́láhàn dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Isaac ò pariwo.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n."

Isaac jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Ní ọ̀sẹ̀ tí ajá yẹn kú, mo fi oògùn eku sínú búrẹ́dì, mo gbé e sẹ́yìn àká. Nígbà tí mo padà wò ó, n kò bá a níbẹ̀ mọ́. Èmi náà ti gbà pé èmi ni. Ọdún méjì rèé tí n kò gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ìyá Ìdùnnú kúnlẹ̀.

Fóònù dún lápò Gbọ́láhàn. Ó gbé e, ó gbọ́, ó dúpẹ́, ó pa á.

"Dókítà ni," ló wí, ó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Ajá mi ti mu omi."

Kò sẹ́ni tó kí i kú oríire.